Eṣúṣú Ìyá Ẹlẹ́ja

Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni mo ń ta ọ̀rá iyọ̀ kan báyìí. Láàárọ̀ yìí, ọmọge kan dúró níwájú ìsọ̀ mi l'Ẹ́dẹ, ó ní, "Ìyá, iyọ̀ lásán?" Ẹ̀rín pa mí. Kò mọ ohun tí iyọ̀ kọ́bọ̀ kan ṣe lágboolé wa kí òmìnira tó dé.

Nígbà náà, bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, ẹja àrọ̀ á fi odò Ọ̀ṣun sílẹ̀, wọ́n á máa gun odò kékeré ẹ̀yìnkùlé wa bọ̀ ní akùrọ̀, kí wọ́n lè yé ẹyin sáàárín koríko. Eṣúṣú á lẹ̀ mọ́ wọn lára, á máa mu ẹ̀jẹ̀ wọn bọ̀ lọ́nà, bí ọkọ tó ya ọ̀lẹ. Bí omi bá fà, ọmọ ẹja á padà sí Ọ̀ṣun, ọmọ eṣúṣú á tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá kú, eṣúṣú á já a sílẹ̀. Kì í bá òkú ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà fi ń wá eṣúṣú lára ẹja kó tó sanwó.

Ìyá Ẹlẹ́ja, ìyálé ìyá mi, gbọ́n jù wọ́n lọ. Ó ń sin eṣúṣú sínú ìkòkò omi. Bí ẹja bá ti fẹ́ rà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn; kí eṣúṣú tó já, oníbàárà á ti sanwó. Àmọ́ eṣúṣú gbọ́dọ̀ jẹun. Bí ọ̀la bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ọ̀rẹ́ mi Àṣàkẹ́, ọmọ tí wọ́n mú wá láti ìlú Ara pé kó bá a gbé, á ki ẹsẹ̀ bọ ìkòkò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òòyì ń kọ́ mi."

"Ìwọ ń jẹ ẹ̀kọ mi, àwọn náà ń jẹ ọ́. Ta la wá rẹ́ jẹ?"

Gbogbo agboolé á rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti rí bí orógùn.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ẹlẹ́ja ra agbọ̀n ẹja ńlá kan, kò sì tà á tán. Nígbà tí ó máa ṣí ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kejì, gbogbo eṣúṣú ti ká kò, wọ́n ti kú. Ó gbé ẹja lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà wá eṣúṣú tì, wọ́n fi imú gbọ́ òórùn, wọ́n pòṣé, wọ́n kọjá. Nírọ̀lẹ́, inú kòtò lẹja sùn.

Ó mú pàṣán. "Kí lo fi sínú ìkòkò mi?"

"Iyọ̀ ni, Ìyá. Ẹ ní kí n máa bọ́ wọn. Mo ní kí oúnjẹ wọn má tẹ́."

Ó nà án títí ọwọ́ fi ro ó, ó sì dá a padà sí Ara lọ́jọ́ kejì. Kí ni ì bá tún fi í ṣe? N kò rí Àṣàkẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì bo akùrọ̀ yẹn. Ẹja kankan kì í gun ibẹ̀ mọ́. Eṣúṣú ò tán o, bàtà ni wọ́n ń wọ̀ báyìí. N kò dín kọ́bọ̀ fún ọmọge yẹn. Iyọ̀ lásán? Iyọ̀ kọ́bọ̀ kan ló kó òfò ṣílè mẹ́rìndínlógún bá Ìyá Ẹlẹ́ja.