Ìwé Tí Ìyá Oníwèé Fi Sílẹ̀ Lórí Bẹ́ǹṣì

Ìyá Oníwèé kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ ìwé kiri fún àwa aláìsàn láti ọdún mọ́kàndínlógún. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, ó ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Ó kú ní aago méjì ọ̀sán. Mò ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n so ẹsẹ̀ mi rọ̀ mọ́ irin, mi ò lè dìde.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ yìí gbé mi débí, ìwé ìtàn ọkùnrin kan tí eegun rẹ̀ ń jẹrà ni Ìyá gbé fún mi.

"Ìyá, àìsàn tèmi ò tíì tó mi ni?"

"Ẹ ṣáà kà á. Ọkùnrin yìí ò purọ́ fún dókítà bí ẹ ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Òótọ́ ni. Àràárọ̀ ni mò ń sọ pé "ó ti ń sàn." Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, mo sọ ibi tó ń dùn mí gan-an, ìyẹn ni mo ṣe ṣì ní ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi òǹkọ̀wé yìí ò fi ìrora ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ohun tí mò ń kọ mọ́.

Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tó bá ka ewé ìwé kan tán, kó kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sí etí ewé náà, kí aláìsàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ẹnìkan ti gba ibẹ̀ kọjá.

Kí ló wá pa á? Ìbuwọ́lùwé. Òṣìṣẹ́ kì í gba bẹ́ẹ̀dì níbí láìjẹ́ pé ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ buwọ́ lùwé. Wọ́n sì ti pa ẹ̀ka tirẹ̀ rẹ́ lórí ìwé lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó ṣáà máa ti kẹ̀kẹ́ lọ.

"Ìyá, ẹ lọ bá ọ̀gá yín," akọ̀wé wọ́ọ̀dù wí.

"Ọmọ mi, èmi nìkan ló kù níbẹ̀."

"Ẹ ṣáà wá ẹni tó máa buwọ́ lù ú."

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbọdọ̀ mì.

Ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, aláìsàn kan ló bá mi mú un wá. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́ sí etí ewé: "Aago mẹ́sàn-án, àyà ń fún mi. Aago mọ́kànlá, ó ti dé apá òsì. Mo ti sọ fún wọn." Ìyá ò dákẹ́. Ta ló dákẹ́?

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ẹ ránṣẹ́ pé kí n dá ìwé náà padà, pé dúkìá ìjọba ni. Ẹ wá gbà á fúnra yín, ẹ̀yin lẹ lè rìn. Ẹ mú orúkọ ẹni tó ṣe òfin ìbuwọ́lùwé yẹn dání, àti ti ẹni tó pa ẹ̀ka rẹ́ tó fi èèyàn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó ka ewé yẹn sókè fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ mọ òfin ìyá. Àyè ṣì wà lábẹ́ ìlà tó kọ gbẹ̀yìn, ẹ buwọ́ lù ú.