Àtíkè Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò, Kì Í Ṣe Èmi

Ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná, kí n ro ohun tí ojú mi rí láàrin Garki àti Dei-Dei fún yín, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn lóore.

Àwọn obìnrin ọ́fíìsì wa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gbogbo wọn ti lọ ṣe àyẹ̀wò àwọ̀ tán, ó ku èmi. Wọn á gbé yín jókòó síwájú dígí, wọn á máa ta oríṣiríṣi aṣọ lé yín láyà, wọn á wo èyí tó mú ojú yín tàn àti èyí tó mú un ṣú. Lẹ́yìn náà ni wọn á sọ ìgbà tí ẹ jẹ́ nínú ọdún: Spring, Summer, Autumn tàbí Winter. Ẹ má bi mí pé èwo ni Spring l'Abuja, níbi tó jẹ́ pé òjò, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ nìkan la mọ̀. Èmi náà ṣáà fẹ́ ní ìgbà tèmi!

Ọmọbìnrin tó ń ṣe é kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé kí n fọ ojú mi dáadáa, kí n má kun ohunkóhun wá. Èmi kẹ̀? Kí n gba Area 1 kọjá pẹ̀lú ojú lásán? Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí mi láìkun àtíkè. Àtíkè mi pupa jù mí lọ díẹ̀. Ká sọ òótọ́, ó pupa jù mí lọ dáadáa! Mo bá rọra fi pa ojú, mo fi ọwọ́ nù ún kó lè dà bí ara. Nígbà tí ọmọ náà bi mí bóyá mo kun nǹkan, mo ní rárá o, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ẹ wo irọ́ ńlá lẹ́nu àgbàlagbà!

Ó yẹ̀ mí wò títí, ó ní Spring ni mí. Ó ní kí n máa wọ àwọ̀ ìbẹ́pẹ, àwọ̀ wàrà àti àwọ̀ ewé tútù, kí n sì sá fún àwọ̀ aró bí ẹni ń sá fún ejò. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lójú tèmi, ẹni tó bá jẹ́ Spring kò lè jẹ́ ẹni dúdú mọ́!

Ó yẹ kí ẹ mọ Fọlákẹ́, ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin. Òun ló ń po ọ̀dà ilé ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Dei-Dei. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọjọ́ tó wọlé wa ló ti wò mí látòkè délẹ̀, tó sọ mí ní Adúmáadán, ẹni tó dúdú tó ń dán. Mo fárígá! Mo ní Àǹtí Abuja ni kó máa pè mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Òun náà ni mo kó gbogbo aṣọ aláró mi fún lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn. Adìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá mi fà lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú wà nínú ẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní Spring kì í wọ aró.

Ọjọ́ Ajé, mo wọ àwọ̀ ìbẹ́pẹ lọ síbi iṣẹ́. Mọ́làm tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa dìde bó ṣe rí mi: "Sànnu, Màdáámù! Sànnu!" Kì í ṣe kíkí lásán o, ohùn tí wọ́n fi ń kí aláìsàn ni. Ọ̀gá mi ní kí n máa lọ sílé lọ sinmi. Nígbà tí mo sì rí fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ náà, ojú mi dá wà, ọrùn mi dá wà, kò jọ pé wọ́n mọra rí!

Mo délé, mo fọ ojú, mo fa gèlè aláró kan tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ àpótí yọ, mo gbé e sábẹ́ àgbọ̀n. Háà! Ojú mi tàn. Adìrẹ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn, mo sì sunkún.

Lọ́jọ́ kejì mo tún kun àtíkè mi, mo gba Dei-Dei lọ bá Fọlákẹ́. Ṣé ẹ rò pé mo bẹ̀ ẹ́? Rárá! Mo ní télọ̀ mi fẹ́ wo iṣẹ́ ara adìrẹ náà, pé ọjọ́ méjì péré ni mo fẹ́ fi yá a. Ìyàwó wa kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú ọ̀dà tó ń rò. Ó ní kí n bọ́ sínú oòrùn kí òun wò mí. Ó wo ojú mi, ó wo ọrùn mi.

"Ṣé bí ẹ ṣe kun àtíkè lọ bá ọmọ yẹn náà nìyí?"

Mo jẹ́wọ́.

Ẹ̀rín pa á débi tó fi jókòó lórí agolo ọ̀dà. "Tá a bá fẹ́ mọ àwọ̀ tó máa bá ògiri mu, a máa ń kọ́kọ́ ha ti tẹ́lẹ̀ kúrò ni o. Àtíkè ni wọ́n bá yín yẹ̀ wò!"

Ó fi àkísà tó mọ́ nù mí lójú níwájú àwọn awakọ̀ lọ́rì. Ó fa adìrẹ ìyá mi yọ lábẹ́ káńtà, kò tíì gé e rárá, ó sì ta á lé mi léjìká. Awakọ̀ kan tó ń já sìmẹ́ńtì dúró: "Kai!" Mo wo ara mi nínú dígí lọ́rì rẹ̀. Ìyá mi gan-an ni mo rí.

Mo fẹ́ ká aṣọ náà sínú báàgì, ìyàwó wa gbá a mú. Ó ní òun á dá a padà o, ṣùgbọ́n mo máa wọ̀ ọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi láìkun nǹkan kan, tí òun bá sì fi orúkọ tí òun sọ mí pè mí, mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọ̀dà òun ń gbẹ.

Bí ìsìn ṣe parí, mo ń yọ́ lọ síbi mọ́tò mi. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó fi ohùn tó fi ń pe alábàárù lọ́jà ké sí mi: "Adúmáadán!"

Obìnrin dúdú mẹ́ta ló yíjú padà. Kí wọ́n tó yíjú tán, mo ti dáhùn. Orúkọ mi kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbà yẹn?

Ọmọ tó yẹ̀ mí wò kò jẹ̀bi o, ohun tí mo gbé wá ló rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọ̀ tó yẹ ojú rẹ̀, ojú tirẹ̀ ni kó gbé lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orúkọ wo ni ìyàwó ilé sọ yín tí ẹ ń sá fún? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má tijú. Tí ẹ bá sì pàdé mi ní Garki, ẹ má pè mí ní Àǹtí Abuja mọ́. Mi ò ní dáhùn.