Kọ́rì, Orúkọ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Àbúrò Mi

Àtàǹpàkò ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní màmá, ti wọ inú amọ̀, wọ́n ń fi í gbẹ́ ikùn ìkòkò, nígbà tí òyìnbó wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan yà sí agboolé wa l'Ẹ́dẹ láti tọrọ omi. Ìgbà tí wọ́n ń wá ibi tí rélùwéè yóò gbà ni. Ọkùnrin náà ga débi pé àwọn adìẹ wa wọ abẹ́ òjìji rẹ̀, wọ́n rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n sì sùn. Èmi ni mo gbé igbá omi fún un. Ẹ má gbàgbé ìyẹn o.

Ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò náà ṣì là sílẹ̀. Òyìnbó wò ó títí, ó ní kí ògbufọ̀ rẹ̀ sọ fún màmá pé bí òkè ìlú òun ṣe rí gan-an nìyẹn: yìnyín jókòó sára òkè láti ayébáyé, ó gbẹ́ ikùn rẹ̀ jáde. Kọ́rì ni wọ́n ń pe irú kòtò bẹ́ẹ̀. Kọ́rì náà sì ni orúkọ àbúrò òun obìnrin. Màmá béèrè bóyá ara ọmọ náà le. Òyìnbó mi orí. Ọmọ náà ti kú ní kékeré. Màmá nu amọ̀ ọwọ́ wọn sára ìró.

Orúkọ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní kí wọ́n máa fi pè mí, wọ́n ní orúkọ obìnrin ni.

Oṣù kan kò pé tí ìyá mi fi bí obìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí oníkálùkù ń mú orúkọ tirẹ̀ wá, màmá ní Kọ́rì ni tàwọn, pé orúkọ òkè ńlá kan ni. Wọn ò sọ ìyókù. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fẹ́ pe ọmọ yẹn, ohùn wọn á rọ̀ bí amọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Èmi ńkọ́? "Ìwọ yìí, gbé igi wá." "Ìwọ yìí, kúrò nínú eérú." Mo jowú débi pé oúnjẹ kò gba ọ̀fun mi kọjá fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, àfi iyán.

Mo bá lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Mo ní, "Orúkọ òkú ni wọ́n sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi pe àwọn àgbà ilé jọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀ mọ́. Màmá kò jiyàn. Wọ́n kàn ní àánú ọmọ ọlọ́mọ ló ṣe àwọn, pé kí orúkọ rẹ̀ má bàa parun.

Lọ́jọ́ kejì, màmá pè mí sídìí amọ̀. Mo ti ń fojú wá pàṣán. Wọn ò nà mí.

"O fẹ́ orúkọ yẹn, àbí?"

"Ẹ má bínú, màmá."

"Ó ti di tìẹ. Kọ́rì, lọ pọnmi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí títí wọ́n fi kú, àwọn nìkan. Ohùn wọn kò rọ̀ sí i rí.

Àbúrò mi ti di ìyá àgbà, eyín ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ ju tèmi lọ. Bó bá wá kí mi, á ní kí n sọ̀rọ̀ màmá fún òun, torí òun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n. Mo ti parọ́ fún un nípa ìkòkò tó gba gbogbo odò Ọ̀ṣun. Mi ò tíì sọ fún un pé ó ní orúkọ kan rí, tí màmá ń fi ohùn ìfẹ́ pè é. Lánàá, ó ti dé ètè mi. Ni ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín màmá gan-an. Owú yẹn tún gbé mi, mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì.