Ẹ̀gún Ìjókòó Kejìlá

Bí Nibaran Samanta bá sọ fún ọ pé omi jìn, kọ́kọ́ fi igi wọ̀n ọ́n. Mi ò sọ pé ó ń purọ́ o. Àgbàlagbà kì í purọ́, iyọ̀ ló máa ń fi sí ọ̀rọ̀. Ogójì ọdún ló fi ń to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ: ẹja pípa àti yíyọ ará Montolpara lẹ́nu.

Òfin adágún Montolpara kò pọ̀, àmọ́ kò ṣeé yẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá ìwọ̀ méjì péré ni tirẹ̀. Ẹja tí kò bá tó kílò kan gbọdọ̀ padà sómi. Àwọ̀n kò gbọdọ̀ kan omi yẹn rárá, ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ adágún fi ri ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún mọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn olè alàwọ̀n lè gbà wọlé. Pèpéle ọparun mẹ́rìndínlógún ló yọ sórí omi, wọ́n sì ń ṣẹ́ kèké láti mọ ibi tí kálukú yóò jókòó. Ẹni méjì lè ṣe pàṣípààrọ̀, kí ìwọ̀ àkọ́kọ́ tó kan omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí o wà ni o wà títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ìjókòó kejìlá ló dára jù. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tí àwọn obìnrin ti ń fọ ìrẹsì ló wà, ẹja ibẹ̀ sì ti mọ adùn.

Nígbà ayé Shoilobala ìyàwó rẹ̀, Nibaran kò bìkítà ibi tí wọ́n bá fi í sí. Shoilobala ló máa ń gún ìjẹ tí ọkọ rẹ̀ ń dà sómi láti fi pe ẹja, tí á kó o sínú agolo bísíkíìtì pupa kan. Ibikíbi tó bá dà á sí, ẹja á wọ́ wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Nibaran á kàn rẹ́rìn-ín, á yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òun náà kò mọ̀ ọ́n. Kò bi obìnrin náà rí. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Shoilobala kú, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni agolo gbẹ. Láti ìgbà náà, kúlíkúlí músítádì lásán, èso tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, irú èyí tí gbogbo ayé ń dà sómi, ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣì máa ń fi aṣọ bò ó kó tó ṣí i.

Ẹni tí oògùn tán lọ́wọ́ rẹ̀, ọgbọ́n ló kù tí yóò fi jẹun. Nibaran bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ìsọ̀ tíì. "Ìjókòó kejìlá yẹn? Ẹ̀gún ti ṣí débẹ̀ o. Ìwọ̀ mẹ́ta ló gbé mì lọ́wọ́ mi." Kò tó ọdún kan tí ẹni tí kèké kejìlá bá mú fi ń fajú ro bí ẹni tó gé ọsàn kíkan jẹ. Nibaran á wá sún mọ́ ọn, á káàánú rẹ̀, á gba ìjókòó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Dipen, ló kó o sí wàhálà. Àṣà wa ni pé ilé ọkọ ló ń fi ẹja ńlá ránṣẹ́ sílé ìyàwó ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá ń fi ata ilẹ̀ pupa pa ìyàwó lára, tí wọ́n á wọ sárì fún ẹja náà bí ìyàwó gan-an. Bhabatosh Kundu, bàbá ìyàwó, oníṣòwò ìṣó àti kọ́kọ́rọ́, apẹja lòun náà.

"Àna mi," ó wí nídìí tíì, "ẹja tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wa, ṣé kì í ṣe ẹja ọjà tí yìnyín wà lójú rẹ̀?"

"Ọjà kẹ̀? Ọwọ́ mi yìí ni màá fi pa á lọ́jọ́ Àìkú."

"Tí ẹ ò bá wá rí i pa ńkọ́?"

"Tí mi ò bá rí i pa, màá sọ ohun tó wà nínú agolo pupa fún yín."

Ẹnu ló yá ju ọpọlọ lọ. Èèyàn ogún nídìí tíì ló di ẹlẹ́rìí. Nibaran lọ sílé, ó gbé agolo lé itan. Kì í ṣe ẹ̀sín ló ń bà á lẹ́rù. Bí wọ́n bá ṣí i, gbogbo ayé yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ Shoilobala ti sọnù, àti pé òun ọkọ ló jẹ́ kó sọnù.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bhabatosh náà gba tíkẹ́ẹ̀tì. Nibaran mú kèké kẹta, níbi tí ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ ju ẹja lọ. Bhabatosh mú kejìlá.

"Ó mà ṣe o, àna mi," ni Nibaran wí. "Ẹ̀gún ibẹ̀ kò mojú àlejò. Ẹ jẹ́ kí n bá yín jìyà ọ̀hún."

"Ẹ̀yin lẹ láàánú," ni Bhabatosh wí, ó sì kó ọ̀pá rẹ̀ lọ sí ìkẹta.

Nibaran ju ìwọ̀ sómi. Ó fà á, kò wá. Ó ju ìkejì, òun náà há. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ìwọ̀ mẹ́fà ti lọ. Ó ránṣẹ́ pe Gurudas, akọ̀wé ìgbìmọ̀.

"Kí ló wà lábẹ́ ibí?"

"Ẹ̀gún ni, Bàbá Dipen. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa? A ní kí òmùwẹ̀ lọ wò ó, kò bá nǹkan kan. A ní áà, olè ti kó o lọ. Ọjọ́bọ̀ la ri tuntun síbẹ̀, ẹrù ọmọlanke méjì. Ẹ bá wa yọ̀."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Nibaran yìí, òtítọ́ kò wulẹ̀ lé e. Irọ́ náà fúnra rẹ̀ ló jókòó tó di òtítọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, Bhabatosh fa ẹja kátílà kílò mẹ́sàn-án jáde láàárín ọ̀pọ̀lọ́. Ó gbé e lé èjìká, omi ń ro sí i lẹ́wù, èrò ń tẹ̀ lé e.

"Agolo dà, àna mi?"

Nibaran fà á sẹ́yìn igi ńlá kan, ó ṣí agolo náà. Bhabatosh ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Kúlíkúlí rèé."

"Kúlíkúlí ni."

"Kí ló kù níbẹ̀?"

"Kò sí. Ìyá Dipen ló ń ṣe é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gún un lójú mi, mi ò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé yóò máa wà níbẹ̀ láti gún un ni." Ó fi etí aṣọ nu ojú. Bhabatosh kò wo ojú rẹ̀.

"Ó wá jẹ́ pé obìnrin yẹn ló ń ṣẹ́gun wa láti ọjọ́ yìí."

"Òun ni."

Bhabatosh dé agolo náà, ó rọra fi aṣọ dì í, ó dá a padà fún un. Ó wá kọjú sí àwọn tó ń na ọrùn.

"Ó ti sọ ọ́ fún mi."

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Gurudas bi í.

"Ẹni tó bá fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fún wọn nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ṣé ọmọbìnrin kù nílé yín?" Ó sọ ẹja náà lé Nibaran lápá. "Àna mi, ẹ gbé e lọ wọ aṣọ fún un, kí ẹ tún gbé e padà wá bá mi. Ẹ má tà á lọ́nà."