Ohun Tí Màmá Alábẹ́là Kọ̀ Láti Dànù

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi bá Màmá Alábẹ́là ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ẹnu rẹ̀ mú, iṣẹ́ rẹ̀ sì falẹ̀. Tí dókítà bá gé nǹkan lára aláìsàn, Màmá á rì í sínú ìda yíyọ́. Bí ìda bá dì bí àbẹ́là, á fi ẹ̀rọ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, á tò ó sínú dúrọ́ọ̀. Èmi akọ̀wé ni mo ń kọ nọ́mbà wọn sínú ìwé.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ní àyè ti há, ká da gbogbo ìda tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá nù. Èmi gba dúrọ́ọ̀ apá òsì, Màmá gba ti apá ọ̀tún. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti dáná sun tèmi tán, mo ń fi ara mi yangàn. Màmá kó tirẹ̀ sínú páálí mẹ́fà, ó tì wọ́n sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó ní, "Ara èèyàn ni. Ta ló sọ fún ẹ pé wọn ò ní padà wá béèrè?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe àwọn páálí yẹn ní ayálégbé Màmá.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, olùkọ́ obìnrin kan wọlé tọ̀ wá. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n pa bàbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú kókó kéékèèké mẹ́rin tó wà lọ́rùn èèyàn, tó ń ṣọ́ kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, nínú ẹ̀jẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ olùkọ́ yìí wò, wọ́n rí àṣìṣe nínú jíìnì, ohun àjogúnbá tó ń kó kókó náà níjàánu. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, náà ní in. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rí irú àṣìṣe yẹn rí. Ó lè jẹ́ òun ló pa bàbá, ó sì lè má ṣe nǹkan kan.

Dókítà là á yé wa pé méjì ni jíìnì náà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ láti inú oyún, èkejì á máa dá iṣẹ́ náà ṣe. Ọjọ́ tí èkejì bá lọ, ìjánu já nìyẹn. Tí wọ́n bá rí àṣìṣe yìí nínú kókó bàbá, tí jíìnì kejì sì ti lọ, a jẹ́ pé òun ni. Olùkọ́ àti ọmọ náà á wá máa ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún.

Ilé ìwòsàn wa ni wọ́n ti gé kókó bàbá náà, mo sì ṣí ìwé láti wo dúrọ́ọ̀ tí wọ́n to ìda rẹ̀ sí. Apá ọ̀tún ni. Mo lọ fa páálí Màmá jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Oṣù méjì péré ló kù kí Màmá fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Ohun tó kù nínú ìda náà kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀. Ó gé mẹ́wàá, kò ba ẹyọ kan jẹ́.

Èsì dé: òun ni. Olùkọ́ sunkún, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ní ọdún kẹta, kálísíọ́mù ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ga, wọ́n yọ kókó kan kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí, ó máa ń pe Màmá lórí fóònù, Màmá á sì máa fi í yangàn fún mi.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan wá. Àìsàn kan náà ló pa ìyá rẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Òun àti àbúrò rẹ̀ méjì ní àṣìṣe mìíràn nínú jíìnì yẹn tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ìda ìyá wọn nìkan ló lè sọ bóyá ó léwu. Mo ṣí ìwé. Apá òsì ni.

Mo lè sọ pé ìda náà sọnù, ṣùgbọ́n mi ò purọ́. Mo sọ fún un pé èmi ni mo dáná sun ún, ìkánjú ni mo fi ṣe é. Ó wo ìwé náà, ó dìde.

Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá, tí ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn.