Ojú Ìyá Adéfúnkẹ́ ní Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà

Kò, kò, kò. Òòlù agbẹ́gilére ló ń dún bẹ́ẹ̀, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí Adéfúnkẹ́ rántí láyé. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà àtijọ́ kan ní Ọ̀jọ́, kò gbọdọ̀ mi ọrùn. Àtàndá agbẹ́gilére ń wo ojú rẹ̀, ó sì ń gbẹ́ igi.

Àtàndá kì í gbẹ́ ojú òyìnbó. Ojú àwọn ará ìjọ ló ń gbẹ́. Pétérù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní imú apẹja Ègùn kan. Bàtà sójà bárékè Ọ̀jọ́ ni àwọn ọmọ ogun Róòmù ara ilẹ̀kùn wọ̀. Màríà tó dúró nínú ihò ògiri, lábẹ́ fèrèsé onígíláàsì búlúù, ìyá Adéfúnkẹ́ ni, pẹ̀lú pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹnu tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Àgbàrá òjò gbé gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ ní Ìjàníkin. Ère yẹn nìkan ló kù. Bí Adéfúnkẹ́ bá parí iṣẹ́ irun dídì ní Òkòkòmáìkò, á yà síbẹ̀ kó má baà gbàgbé ojú náà.

Nínú ìjọ tiwọn, bí ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ elésè àlùkò bo gbogbo ère, ó di Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde kí wọ́n tó ṣí wọn. Lọ́dún yìí, kò pẹ́ tí wọ́n bò wọ́n tí Adéfúnkẹ́ rí ilà erùpẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ara ògiri wọ abẹ́ aṣọ Màríà. Ikán! Arère sì ni Àtàndá fi gbẹ́ ère náà, igi tó rọ̀ fún ọ̀bẹ, tó tún rọ̀ fún ikán.

Ó sáré bá Bàbá Ìdòwú, katikíìsì àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣí i, ká fi oògùn sí i."

"Fúnkẹ́, Lẹ́ǹtì la wà."

"Ikán ò gbààwẹ̀, bàbá!"

Àwọn obìnrin tó ń nu bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí bàbá náà.

"Ìwọ onídìrí, o fẹ́ kọ́ wa ní ìsìn? Láti ayé bàbá mi, a kì í ṣí aṣọ yẹn."

Mobọ́lájí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Fara balẹ̀ jàre. Nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ta fún màmá ẹ, ẹ̀fọn ò ní jẹ wọ́n."

Adéfúnkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ra oògùn ikán ní Ìyànà Ìbà, ó dà á sí ìsàlẹ̀ ògiri. Ilà náà gbẹ. Àwọn tó ti wọlé ńkọ́? Ó na ọwọ́ sí etí aṣọ, ó fà á padà. Bí wọ́n bá lé òun kúrò nínú ìjọ, níbo lòun á ti máa rí ìyá òun?

Lọ́sàn-án Sátidé, Bàbá Ìdòwú fúnra rẹ̀ fa aṣọ náà. Ojú ère bá aṣọ wá. Inú rẹ̀ ti ṣófo. Èèpo igi lásán ló kù, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà.

"Fúnkẹ́... a máa gbẹ́ òmíràn."

"Ojú ta ni wọ́n fẹ́ wò gbẹ́ ẹ, bàbá?"

Bàbá Ìdòwú ká aṣọ náà mọ́ àyà, ó jáde. Àwọn ará ìjọ tó wà níbẹ̀ tẹ̀lé e.

Ìsìn ti sún mọ́, ilẹ̀ kò sì lè wà bẹ́ẹ̀. Adéfúnkẹ́ mú ìgbálẹ̀. Ó gbá ẹsẹ̀ ògiri, ó gbá abẹ́ bẹ́ńṣì, ó kó ìyẹ̀fun igi náà jáde, ó dà á sídìí àgbọn. Ó padà wọlé, ó fi ìgbálẹ̀ síbi tó ti mú un.