Mọ́tò Tí Kò Lókùn Lọ́rùn

"Mọ́tò tí wọ́n bá ń fi okùn fà, ewúrẹ́ ni."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí nìyẹn nígbà tí wọ́n rí mọ́tò onípákó tí mo kàn, tí mò ń fà kiri àgbàlá wa ní Ìlọ́bù. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, mo ṣì wà lọ́mọdébìnrin. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun alẹ́.

Mo tú mọ́tò náà palẹ̀. Mo tọrọ igi róòlù òwú lọ́wọ́ télọ̀, mo fi ṣe táyà. Mo gé rọ́bà lára tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bẹ́, mo kan orí ẹ̀ kan mọ́ iwájú mọ́tò, mo so orí kejì mọ́ ọ̀pá tó gba inú táyà ẹ̀yìn kọjá. Bí mo bá yí táyà sẹ́yìn, rọ́bà á lọ́ mọ́ ọ̀pá, á le koko. Bí mo bá jọ̀wọ́ ẹ̀, mọ́tò á sáré fúnra ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ti yí táyà sẹ́yìn tán, mo di mọ́tò mú lójú ọ̀nà Ìfọ́n, ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í kí àgbà lóòró. Mo jọ̀wọ́ mọ́tò, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

Mọ́tò kọrí sí wọn tààrà. Wọ́n fò bọ́ sáàárín ebè iṣu tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

"Fà á padà! Fà á padà!"

Wọn ò tíì dá ìkíni mi lóhùn, mi ò sì gbọdọ̀ dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti fèsì:

"Kò sókùn lọ́rùn ẹ̀, Bàbá."